Ohùn Ìyá Rẹ Làwọn Ata Ń Gbọ́

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé ara le, ṣé ọkàn balẹ̀? Bó bá jẹ́ pé orí ìdúró lo ti ń ka ìwé yìí, wá àga, nítorí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹlẹ́dàá kò ní jẹ́ kí o rin ìrìn àṣedànù. Ibi tó o bá na ọwọ́ sí fún oore, o kò ní ká a padà lófìfo. Wàá sùn, wàá jí, egungun kan kò ní ro ọ́. Àmín.

Èmi náà wà dáadáa. Orúnkún òsì nìkan ló ń bá mi jà, ọ̀tún ti gbà fún mi. Ilé dára. Mo ti to gbogbo àga yàrá ìjókòó sí ìlà kan ṣoṣo, mo na okùn láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé kí wọ́n má bàa wọ́. Àlejò tó bá jókòó kì í rí ojú ẹnì kejì, àfi bí ẹni wà nínú mọ́tò, ṣùgbọ́n ó dùn ún wò. Mo mọ̀ pé o ń rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe lásán ni ìyá rẹ sọ mí ní Gúnrégé.

Ọ̀rọ̀ ọgbà gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O mọ̀ pé ìyá rẹ kì í gbin nǹkan sí ìlà, ńṣe ló máa ń fọ́n irúgbìn ata bí ẹni ń fún adìẹ lóúnjẹ, tí yóò sì máa bá wọn sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Àwọn tòmátì kéékèèké, “ìwọ” ló ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Igi ọsàn ẹ̀yìn ilé, “ẹ̀yin” ló ń pè é, ó ní ó ti wà níbẹ̀ kí òun tó wọlé ọkọ, nítorí náà àgbà òun ni. Èmi tí mo gbé e níyàwó, “ìwọ” ló ń pè mí.

Láti ìgbà tó ti fi wá sílẹ̀, gbogbo ata fajú ro. Mo bomi rin wọ́n, mo bẹ̀ wọ́n, lọ́jọ́ kan mo tilẹ̀ fi ohùn obìnrin bá wọn sọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an ló mú kí òdòdó tó kù já bọ́. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, mo wà láàárín ọgbà, mo ń wá ibi tí wọ́n ti ń tan iná lára fóònù tó o rà fún mi, ni mo bá tẹ ibi tí n kò mọ̀. Ìyá rẹ sọ̀rọ̀. Ohùn tó fi ránṣẹ́ sí mi nígbà tó wà lọ́dọ̀ rẹ fún ìtọ́jú ni, tí ìwọ ń bá a gbé fóònù dání lórí bẹ́ẹ̀dì. O rántí bó ṣe nà mí lẹ́gba ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní kí n yé bomi rin ata lọ́sàn-án gangan, ó ní ṣé mo fẹ́ sè wọ́n lórí ìdúró ni. Ó ní kí n fa koríko ìdí wọn, kí n yé na okùn kiri bí ẹni ń wọn ilẹ̀ onílẹ̀. Ó wá ní kí n bá òun kí igi ọsàn, pé ẹ kú ìrọ́jú, ẹ bá mi fara dà á. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn òjò ńlá kan tó rọ̀ mọ́jú, gbogbo ata nà ṣánṣán. Ṣé o rí i? Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ ni.

Láràárọ̀ ni mo ń gbé e jáde sí wọn báyìí. Bó bá ti ń sọ̀rọ̀, ojú máa ń tì mí láti dúró lásán, nítorí náà màá bẹ̀rẹ̀, màá máa fa koríko, màá pa ohùn náà, màá tún tẹ̀ ẹ́, màá tún fa koríko. Ata wá ń so bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀.

Aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa sá wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tòun ti téèpù lọ́rùn. Ó ní òun gbọ́ ohùn ìyàwó mi tó ń bínú. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, kì í ṣe òun ló ń bá wí, èmi ni. Ó ní òun mọ̀, ta ni ì bá tún jẹ́. Nígbà tó rí ata wa, ó yí ohùn padà, ó ní bàbá, ẹ dákun, ẹ bá òun gbé màmá wá, ilá òun ti ya ọ̀lẹ. Mo gbé e lọ. Bí ìyá rẹ ṣe ń bá ilá wí, mo ń fa koríko lọ ní tèmi. Kò pẹ́, ilá so. Káfíńtà ọ̀ọ́kán náà wá bẹ̀ mí, ó ní elégédé òun ń rá lọ sọ́gbà onílé, kí màmá bá òun pè é padà. Ẹ̀yìn ń ro mí gan-an lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, n kò mọ ohun tó fà á, nítorí ìyá rẹ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Fóònù kọ ọ́ sójú pé òun ti kún, òun kò gba nǹkan kan mọ́. Mo rò ó, mo ní iná tí mo ń fún un jẹ ló pọ̀ jù, mo bá fi í sínú ààwẹ̀. Ó dákú. Nígbà tí mo fún un ní sààrì, ó jí, ó ṣì kún. Mo gbé e tọ atúnfóònùṣe lọ, mo bi í bóyá oògùn inú wà fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí irin tó fi ń tú fóònù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bàbá, nǹkan kan gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè daṣẹ́ sílẹ̀ nígbàkigbà, kó gbé gbogbo ẹrù inú rẹ̀ lọ. Ó nawọ́ sí ohùn ìyá rẹ, ó ní èyí ńkọ́, ó ti pẹ́. Mo já fóònù mi gbà. Mo ní fọ́tò ni kó yọ.

Ọmọ mi, fọ́tò rẹ ni. Gbogbo èyí tó o yà lọ́jọ́ tó o gba ìwé ẹ̀rí, tòun ti aṣọ dúdú ńlá àti fìlà onígun mẹ́rin. Má bínú. Ìwọ wà láàyè, wọ́n á tún ọ yà.

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọṣẹ ń tán, bàtà ń jẹ, n kò mọ̀ bóyá ohùn náà ń jẹ bí a ṣe ń lò ó. Ìparí rẹ̀ ni mo ń ṣọ́ jù, níbi tó ti ní Gúnrégé, ó tó, wọlé lọ jẹun, ó dàárọ̀. N kì í jẹ́ kó dé ibẹ̀. Mo máa ń pa á kó tó sọ ó dàárọ̀, nítorí bó bá sọ ọ́ tán, ó lè lọ sùn.

Owó ni mo wá fẹ́ bẹ̀ ọ́ fún, kí n fi ra fóònù oníkùn ńlá, àti ọkọ́ kan, àti okùn díẹ̀. Má bi mí ohun tí mo fẹ́ fi okùn ṣe. Atúnfóònùṣe ní òun lè kó ìyá rẹ láti inú èyí sínú tuntun. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Ìwọ lo bá a di ẹrù wá sínú èyí, ìwọ náà ni kó o wá bá a kó o. Mo ti yọ àga kan kúrò nínú ìlà dè ọ́, mo dojú rẹ̀ kọ tèmi. Ó wọ́, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kó o tó dé, máa fi ohùn tìrẹ ránṣẹ́. Àyè fọ́tò rẹ ṣófo, yóò gbà á. Aránṣọ ní ohùn ìyá rẹ gẹ́lẹ́ ni tìrẹ. Àmọ́ má kí mi o, “ẹ káàárọ̀ sà” kò fa koríko kankan rí. Bá mi wí.

Kí Ẹlẹ́dàá fún ọ ní ẹ̀mí gígùn àti ohùn tó dún ketekete, kó o lè bá mi wí di ọjọ́ alẹ́ mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Gúnrégé