Ẹ̀bi Díísìkì Tí Mo Dì Ru Ráfíù

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ sì kú òjò. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀yin àti Màmá láti ọ́fíìsì wa ní Ìkẹjà níbí. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Sùlé àti ìyàwó wọn. Òjò ń da omi wọ yàrá mi ní Agége, ṣùgbọ́n ara mi le.

Ẹ ó rí i pé ọwọ́ tó kọ lẹ́tà yìí yàtọ̀. Ráfíù ló máa ń bá mi kọ ọ́, àmọ́ Ráfíù kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Sístà Bọ́lá, akọ̀wé ọ́fíìsì wa, ló ń kọ ohun tí mò ń sọ. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Bàbá, ẹ̀yin lẹ fa Ráfíù, ọmọ agboolé wa, lé mi lọ́wọ́. Mo bá a wá iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ike tí mo ti ń ṣe mẹ́sẹ́ńjà. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ SAP, ètò ìṣúnná owó ìjọba yìí, ti dé, wọn kì í gba èèyàn mọ́, lílé ni wọ́n ń lé wọn.

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ti gbó, kò lè jí fúnra rẹ̀. Àfi kí èèyàn ki páálí pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní díísìkì bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó tó tàn án. Èmi ni mò ń ṣe é láràárọ̀, mo sì ń fi í ṣe fáàrí. N kò mọ̀wé, téèpù pupa ara rẹ̀ ni mo fi ń dá a mọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀rọ náà kò jí. Ó kọ nǹkan funfun sójú, ó dákẹ́. Mo pa á, mo tún tàn án, ohun kan náà ni. Ráfíù tó ń nulẹ̀ ní òun lè bá mi kà á. Mo ní kó gbájú mọ́ omi rẹ̀, ta ló fi ẹ̀rọ hàn án. Nígbà tí ọ̀gá dé, tó ń béèrè ẹni tó bà á jẹ́, mo ní Ráfíù ló ta omi sí i. Ráfíù búra, ó ní kí èmi Bùrọ̀dá Làmídì bẹ̀rù Ọlọ́run. N kò yí ohùn padà. Wọ́n lé e.

Sístà Bọ́lá dé, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó bú sẹ́rìn-ín. Díísìkì mìíràn, tí wọ́n ń kó lẹ́tà sí, ni mo ki bọ̀ ọ́. Òun náà ní téèpù pupa. Kí n pààrọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń sọ láti àárọ̀. Àwọn awakọ̀ ilé iṣẹ́ wa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní ẹ̀rọ ń bẹ Ọ̀gá Làmídì, Ọ̀gá Làmídì kò dá a lóhùn.

Mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá. Ó ní kí Ráfíù padà kí oṣù yìí tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun yóò gba ẹlòmíràn. Ráfíù kọ̀. Ó ránṣẹ́ sí mi pé ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ ìyá òun pé òun ba nǹkan onínǹkan jẹ́, òun kò ní padà àfi tí mo bá wẹ òun mọ́ lójú ìyá òun.

Bàbá, ẹ kì í gbà pé ọmọ yín jẹ̀bi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbèjà mi lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ pe ìyá Ráfíù wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹni tó mọ̀wé ka lẹ́tà yìí sókè láìfo ibì kankan, kí gbogbo agboolé gbọ́. Kí ìyá Ráfíù wá ránṣẹ́ sí ọmọ wọn pé àwọn ti gbọ́, kó lè padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, ẹ ó sì kórè ohun tí ẹ gbìn. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ìyá Ráfíù ni kí ẹ kọ́kọ́ kí.

Èmi ni ọmọ yín tí ojú ń tì,
Làmídì.