Ìlà Kànga Tí O Fi Kọ̀ǹpútà Yà fún Wa

                                        Ilé Ẹgbẹ́ Omi,
                                        Los Litres,
                                        Àfonífojì Petorca,
                                        Chile.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹta, 2019.

Nibaldo, bàbá ìsàmì ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Maritza aya rẹ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ màmá ti fúyẹ́ díẹ̀, ṣé wọ́n ti ń lè gun àtẹ̀gùn ilé yín láìdi ara mọ́ ògiri? Mo bẹ Ọlọ́run kí ó bá mi wo ìyá náà sàn. Tọkàntọkàn ni mo fi béèrè tiwọn o. Tìrẹ ni mo kàn béèrè nítorí pé bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà nìyẹn.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á tán, mo fi í sórí tábìlì, mo jáde lọ bá àwọn adìẹ jà. O ní kí n má bínú. O ní àṣìṣe tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní kò gbọdọ̀ ṣe ni mo ṣe, àti pé ká ní mo tètè pè ọ́ lórí fóònù ni, kíá ni ò bá ti bá mi tún un ṣe. Nibaldo, ṣé ojú kì í tì ọ́ ni? Jẹ́ kí n rán ọ létí ohun tó ṣẹlẹ̀, torí ó jọ pé ọtí chicha tí o mu lọ́jọ́ náà ti fọ gbogbo rẹ̀ kúrò lórí rẹ.

Ọdún òmìnira Oṣù Kẹsàn-án ni o wá. Ẹ̀gbọ́n mi Fresia ń sun ẹran lẹ́yìn ilé ẹgbẹ́ omi, àwa yòókù ń to àga. O wọlé, o rí àwòrán ìlà tí mo fi ọwọ́ mi yà, tó lẹ̀ mọ́ ògiri láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ oko píà ti dé òkè odò ni mo ti ń sọ okùn sínú kànga wa, tí mo ń wọn ibi tí omi wà, tí mo sì ń fi pẹ́ńsù sàmì rẹ̀ sórí bébà náà. Ẹni tó bá wò ó kò nílò àlàyé: ìlà náà ń sọ̀ kalẹ̀ bí omi ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. O bú sẹ́rìn-ín.

"Edelmira, ayé bàbá bàbá ẹ lo ṣì wà o! Ta ló ń fi pẹ́ńsù yàlà láyé tá a wà yìí? Wọ́n á kàn fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

Ọ̀rọ̀ náà bà mí lẹ́rù. Ìgbìmọ̀ kan ń bọ̀ láti ìlú ní oṣù tó tẹ̀ lé e láti pinnu bóyá kí ilé-iṣẹ́ náà tún gbẹ́ kànga jíjìn mìíràn. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ, omi tiwa máa tán. Ìlà yẹn nìkan sì ni ẹ̀rí tí a ní tí ojú lè rí.

O yọ fíláàṣì lápò, o fi í sára kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ wa. O ní èdè tí ẹ fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ló wà nínú rẹ̀, pé bí mo bá ti ń fi nọ́ńbà sínú fáìlì, òun fúnra rẹ̀ á máa ya ìlà. O ní kò ní pẹ́. Ẹran jinná, ẹran jóná, o ṣì wà nídìí ẹ̀rọ náà. O ń tẹ̀ ẹ́, kò sí àwòrán. Kọ̀ǹpútà náà kò sọ pé rárá, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó kàn ń dákẹ́. O bú u, o bú ìyá ẹni tó ṣe é, o bú ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná. Ìgbà tó yá ni o wá rí i pé èdè kan náà ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tí tíṣà kan fi síbẹ̀ kó tó lọ. Inú ilé kan ni ò ń kó irinṣẹ́ ìyàwòrán sí, ẹnu ọ̀nà ilé kejì ni ò ń kàn. O yọ ti àtijọ́ dànù. Nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, ìlà pupa kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó rí bí tèmi gẹ́lẹ́, ó tilẹ̀ mọ́ jù ú lọ. A pàtẹ́wọ́ fún ọ. Inú mi dùn, n kò ní purọ́.

O ní, "Má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́ o. Máa kọ nọ́ńbà tuntun sísàlẹ̀ ibí, lọ́jọ́ ìpàdé kó o tẹ ibí. Ọmọdé gan-an lè ṣe é."

Lẹ́yìn náà o ká bébà mi kúrò lára ògiri, o fún un pọ̀, o sì fi dáná sun sọ́sééjì lọngánísà tó kù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ìwọ ni ẹ̀rín rẹ ròkè jù.

Mo ṣe bí o ti wí. Mo wọn omi, mo kọ ọ́, n kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé ni mo kọ èyí tó gbẹ̀yìn, mo sì sáré gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí gbọ̀ngàn. Gbogbo abúlé ló wà níbẹ̀, tọmọdé tàgbà. Wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Mo tẹ ibi tí o ní kí n tẹ̀.

Ìlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ lókè bí okùn tí a ń sá aṣọ sí, ó sì já wálẹ̀ lójijì ní ìparí, ó kan ìsàlẹ̀ ògiri. Gbogbo ọdún tí omi fi ń lọ ti di ohun tí ojú kò rí mọ́.

Iturra, agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ oko píà, ló kọ́kọ́ dìde. Ara rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó ti jẹun yó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Gbogbo ọdún yìí, omi wọn ò mira. Àfi bí ìpàdé ṣe ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló wá sá lọ sí igba mítà! Màdáàmù, ṣé kànga lẹ gbẹ́ ni, àbí ọ̀nà ọ̀run àpáàdì?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ará ilé wa náà rẹ́rìn-ín, Nibaldo. Bàbá Eleuterio, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kànga náà nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ni kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọrùn sí mi.

"Edelmira, kí lo kọ síbẹ̀?"

"20,4 ni mo kọ, Bàbá."

Alága ìgbìmọ̀ ní, "204 ni ẹ̀rọ yín sọ, ìyá."

Mo tún un tẹ̀. Ohun kan náà. Mo ní àwòrán kan wà tí mo fi ọwọ́ yà, mo sì rántí ibi tó wà. Abẹ́ lọngánísà ló ti di eérú.

"Ẹ jókòó, ìyá. A ò ráyè àlọ́."

Wọ́n fọwọ́ sí ìwé kànga tuntun náà kí wọ́n tó lọ jẹun.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò pé orí mi ló dàrú, títí lẹ́tà rẹ fi dé. O wá sọ ọ́ níbẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò, pé ẹ̀rọ ìyàwòrán náà kò gba nọ́ńbà bí a ṣe ń kọ ọ́ níbí, pé ìwọ lo yí gbogbo èyí tó wà nílẹ̀ sí ti Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń lo àmì ìdánudúró dípò kọ́mà, o sì yí kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú, kí ó lè máa ka kọ́mà sí àmì ẹgbẹ̀rún lásán, kí ó sì máa fò ó, bí 20,4 mi ṣe di 204 nìyẹn. O ní o gbàgbé láti sọ fún mi.

O gbàgbé! Ìwọ àti èmi la jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà níwájú Tíṣà Olaya, tó ń fi rúlà gbá wa lọ́wọ́ bí a kò bá fi kọ́mà ya mítà kúrò lára ìdá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ lọ́jà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ ní báńkì. Ṣé ojú àlá ni kí n ti rí i pé kọ̀ǹpútà Los Litres ti di ará Amẹ́ríkà? Nínú lẹ́tà rẹ, ibi tí o ti ń pè mí ní aláìmọ̀kan gùn ju ibi tí o ti tọrọ àforíjì lọ. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Irọ́ ni. Ìka tó ṣẹ̀ wà ní Santiago, ó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Tiwa ni wọ́n gé. Inú ń bí mi sí ọ débi pé tí mo bá gbọ́ orúkọ rẹ lẹ́nu Yanira, ọmọ ìsàmì rẹ, ńṣe ni mo ń jágbe mọ́ ọmọ aláìṣẹ̀.

O ní o máa wá ní Oṣù Kẹsàn-án láti wá tún ẹ̀rọ náà ṣe, pé àwòrán náà á dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sí ohun tí o máa yà mọ́. Ní Oṣù Kejì, mo sọ okùn sínú kànga, ẹrẹ̀ ló bá a jáde. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹrẹ̀ náà kò sí mọ́. Ọkọ̀ ńlá ló ń gbé omi wá fún wa báyìí, nígbà tó bá wù ú. Omi tí Fresia fi fọ abọ́ ló ń dà sídìí igi ọsàn wẹ́wẹ́ ìyá wa, ewé rẹ̀ ṣì ń rẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Yanira ti gé irun rẹ̀ tó gùn dé ìdí, torí kò sí ohun tí a máa fi fọ̀ ọ́. Bàbá Eleuterio máa ń gbé àga lọ sí ẹ̀bá kànga láràárọ̀. Bí mo bá kí i, ó máa ń ju òkúta kan sínú kànga.

Bá mi kí Maritza. Bá mi kí màmá dáadáa, má ka lẹ́tà yìí sí wọn létí. Fresia ní kí n kí ọ. Ó ṣàánú rẹ jù mí lọ.

Bí o bá máa wá lóòótọ́ ní Oṣù Kẹsàn-án, gbé omi tìrẹ dání.

                                        Èmi ni ìyá ọmọ tí o dúró fún níbi ìsàmì,
                                        Edelmira Cataldo.