Bọ́tìnì Kan Ṣoṣo Ni Nafissatou Tẹ̀

                                        Ẹ̀yìn Ibùdó Ọkọ̀ Ojú Irin,
                                        Savè,
                                        Orílẹ̀-èdè Benin.
                                        Ọjọ́ 16, oṣù kọkànlá, 2025.

Ẹniọlá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Kamarou ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ikọ́ tó ń yọ wọ́n lẹ́nu nígbà òjò ti lọ? Màmá ńkọ́ pẹ̀lú orúnkún wọn? Àwọn ọmọ iléèwé tí o ń kọ́ ní Kétou ńkọ́, ṣé wọn ò tíì gba gbogbo ohùn lọ́fun rẹ? Tèmi ò burú. Ara mi le, ọyẹ́ ti ń yọjú díẹ̀díẹ̀, ètè mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Gbogbo èèyàn ló wà lóko ẹ̀wà sọ́jà báyìí, àdúgbò wa dá páropáro láti àárọ̀.

Mo mọ̀ pé á yà ọ́ lẹ́nu pé mo jókòó kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Chimène àbúrò rẹ ló sọ fún mi lọ́jà pé ìròyìn Nafissatou ti dé ọ̀dọ̀ yín, pé wọ́n ní ó pa orúkọ àwọn aboyún rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn, wọ́n sì ti lé e níṣẹ́. Ẹniọlá, ìdajì ọ̀rọ̀ ni ẹ gbọ́. Ìdajì tó kù ò ṣeé sọ lórí fóònù, torí owó á tán lórí ẹ̀ kí n tó dé ibi tó dùn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀, ó sì rọ̀ mí lọ́rùn láti kọ ọ́ ju kí n máa fẹnu sọ ọ́ lọ.

O rántí pé lọ́dún tó kọjá, ilé ìwòsàn kékeré kan lọ́nà Adido ní kí n kọ ètò kọ̀ǹpútà kan fún àwọn. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta tí wọ́n ní ti gbó débi pé wọn ò lè gbé ohun tó ní àwòrán. Ni mo bá kọ èyí tó jẹ́ pé lẹ́tà lásán ló ń hàn lójú rẹ̀: ojú dúdú, lẹ́tà funfun, bọ́tìnì nìkan ni wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Orúkọ aboyún kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀ àti ọjọ́ tó yẹ kó padà wá. Láràárọ̀, Nafissatou á ṣí i, á wo àwọn tí àsìkò wọn tó, á sì fóònù wọn. Ìwọ náà mọ Nafissatou láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, pé kì í gbàgbé ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ yẹn bá a mu bí aṣọ tí wọ́n wọn sí i lára.

Ní ìparí oṣù kẹwàá, alùpùpù akérò tí à ń pè ní zémì gbé obìnrin kan wá láti Kaboua. Àdìjá lorúkọ rẹ̀. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, orí ń fọ́ ọ, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ti ga kọjá ààlà. Wọ́n wá orúkọ rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, wọn ò rí i. Ó yẹ kí wọ́n ti pè é lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn! Nígbà tí wọ́n wá kó káàdì tí wọ́n fi forúkọ àwọn aboyún sílẹ̀ jáde, tí wọ́n fi wọ́n wé ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, orúkọ mọ́kànlá ló ti pòórá. A dúpẹ́ pé wọ́n tètè gbé Àdìjá lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ó ti bímọ, òun àti ọmọ rẹ̀ wà dáadáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ibi tó máa já sí nìyẹn.

Mọ̀síọ̀ Théophile, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, pe gbogbo wa jọ. Wọ́n bi mí lójú gbogbo èèyàn bóyá ètò tí mo kọ lè dédé pa orúkọ rẹ́ fúnra rẹ̀.

Ẹniọlá, mo dìde, mo gbé àyà síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba oyè. Mo ní, "Rárá o. Bí aboyún kan bá pẹ́ tí kò wá, ètò náà á ṣí àpótí kékeré kan sójú kọ̀ǹpútà, á béèrè bóyá kó yọ orúkọ rẹ̀. O ni Oui, bẹ́ẹ̀ ni; N ni Non, bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí èèyàn ò bá tẹ O, kò sóhun tó máa kúrò níbẹ̀."

Gbogbo ojú bá yí sí Nafissatou.

"Mi ò tẹ O rí," ló wí. "Mo fi Ọlọ́run búra fún yín, mi ò tẹ̀ ẹ́ rí."

"Ta ló wá tẹ̀ ẹ́?" Mọ̀síọ̀ Théophile bi í. "Ṣebí ìwọ nìkan lo ń jókòó níbẹ̀."

Wọ́n ní kó máa lọ sílé ná, pé lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ àwọn á parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì, mo fẹ́ gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó yẹ̀ fún mi, ó sì lọ.

Mo délé, mo tan kọ̀ǹpútà tèmi, mo dán àpótí yẹn wò títí ọwọ́ fi ń ro mí. Mo tẹ O, orúkọ kúrò. Mo tẹ N, orúkọ dúró. Ó yẹ kí inú mi dùn pé iṣẹ́ mi ò lábùkù, àmọ́ inú mi ò dùn. Nafissatou kì í purọ́. Àbí o ti gbàgbé ọjọ́ tó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún olùkọ́ ìṣirò pé òun wo ìwé rẹ, tí wọ́n fi ní kí ẹ̀yin méjèèjì lọ gbá àgbàlá?

Mo pinnu pé mo gbọ́dọ̀ rí ohun tó ń wọ inú ètò náà gan-an nígbà tí èèyàn bá ń lò ó. Mo kọ́kọ́ ní kó máa kọ nọ́ńbà bọ́tìnì tó bá gbà sójú kọ̀ǹpútà. Ìranù gbáà ni! Ojú kan náà yẹn ni ètò ń kọ orúkọ sí, ni ọ̀rọ̀ tèmi bá fọ́n ká sórí orúkọ àwọn obìnrin. Ìyá Fátí di Ìyá 27 Fá 79 tí.

Ìgbà yẹn ni mo wá rántí trace. Má bẹ̀rù, mi ò ní da gírámà iṣẹ́ wa bò ọ́. Kì í ṣe èmi ni mo kọ apá tó ń tún ojú kọ̀ǹpútà kọ tó sì ń gba bọ́tìnì. Àkójọ iṣẹ́ kan tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ fún gbogbo ayé ni mo ń pè lò, ncurses lorúkọ rẹ̀. Trace wà nínú àkójọ náà. Bí o bá tàn án, gbogbo ohun tí ètò rẹ bá ní kí àkójọ yẹn ṣe, àti gbogbo èsì tí àkójọ yẹn bá fún un, á máa lọ sínú fáìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì ní da ojú kọ̀ǹpútà rú.

Mo tàn án. Kò kọ nǹkan kan. Mo pa á, mo tún un tàn, òfo ni. Ó gbà mí ní ìdajì ọjọ́ kí n tó mọ̀ pé èyí tí gbogbo èèyàn ń lò, wọ́n ti yọ apá tó ń kọ̀wé yẹn kúrò lára rẹ̀ kó lè fúyẹ́. Ẹ̀dà mìíràn wà tí wọ́n ṣe fún irú àwa tó ń wá àṣìṣe. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì sí nílé mi rárá. Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ulrich, télọ̀ tó wà lápá ẹsẹ̀ òkè, níbi tó máa ń wọlé díẹ̀. Mo jókòó sáàárín àjákù ṣòkòtò títí di ìrun ọ̀sán, Ulrich sì ń bi mí ní gbogbo ìgbà bóyá aṣọ ni mo fẹ́ rán.

Ẹ̀dà tuntun náà kọ̀wé lóòótọ́. Ó kọ ju bó ṣe yẹ lọ! Gbogbo lẹ́tà tó hàn, gbogbo ìlà tó fà, ló ń ròyìn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, fáìlì náà ti gùn ju ohun tí èèyàn lè kà lọ́sẹ̀ kan. Mo ní kó dákẹ́ lórí ìyókù, kó máa sọ ti bọ́tìnì nìkan fún mi. Ó gbọ́.

Lọ́jọ́rú mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sílé Nafissatou. Ó ń fẹ́ sọ́jà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lójúde. Mo ṣàlàyé ohun tí mo bá wá, kò gbójú sókè.

"Kí n tún fọwọ́ kàn án?" ló bi mí. "Kí o tún lè dìde sọ̀rọ̀ nípàdé?"

Mo ní kó jọ̀ọ́. Ìyá rẹ̀ gba atẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nafissatou nu ọwọ́ sára aṣọ, ó wá jókòó.

"Ṣe gbogbo nǹkan bí o ṣe máa ń ṣe é láàárọ̀," ni mo wí.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ń bá orúkọ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí àpótí kékeré fi ṣí. Ó wò ó. Kò tẹ O. Kò tẹ N. F1 ló tẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà bá ṣí lọ sí ewé kejì.

"Kí ló dé tí o tẹ ìyẹn?"

"Ìwọ lo ní ká máa tẹ̀ ẹ́," ló dá mi lóhùn. "Ọjọ́ tí o kọ́ wa, o ní bí nǹkan bá rú wa lójú, ká tẹ F1, ìrànlọ́wọ́ á jáde. Mi ò mọ̀ bóyá kí n yọ obìnrin náà tàbí kí n fi í sílẹ̀, mo bá ń tẹ F1. Kì í gbà mí nímọ̀ràn kan. Á kàn ṣí ewé lọ, èmi náà á máa bá iṣẹ́ mi lọ."

Mo ṣí fáìlì trace. Bọ́tìnì kan ló tẹ̀ lójú mi, ohun mẹ́ta ló wọlé: Escape, O, P.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń sọ F1 nìyẹn, Ẹniọlá, ó máa ń pín in sí mẹ́ta. Nínú ojú ńlá, mo ti ní kí àkójọ yẹn kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kó pè é ní F1. Nínú àpótí kékeré, mo gbàgbé. Ètò mi wá ń gbà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Escape, kò mọ̀ ọ́n, ó fò ó. O, á, Oui nìyẹn, ó pa orúkọ rẹ́. P, bọ́tìnì tí a fi ń ṣí ewé, ó ṣí ewé tó kàn, Nafissatou ò sì rí i pé nǹkan kan ti kúrò. Ìrànlọ́wọ́ ló ń bẹ̀bẹ̀ fún, ìgbà mọ́kànlá, ètò mi sì ń gbọ́ "bẹ́ẹ̀ ni." Èmi ò lè rí i láé, torí èmi tí mo kọ ọ́ ò nílò ìrànlọ́wọ́ nínú rẹ̀ rí.

Mo ṣàlàyé fún un. Ó wá bi mí pé, "Nígbà tí mo búra, kí ló dé tí o gba kọ̀ǹpútà gbọ́ jù mí lọ?" Mo ṣì ń wá èsì rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ìlà kan ṣoṣo ni mo fi tún un ṣe, ìlà kan péré! Mo tún fi kún un pé kí wọ́n kọ Oui délẹ̀ kí orúkọ tó lè kúrò. Ṣùgbọ́n mi ò gbé àtúnṣe náà lọ síbi ìpàdé ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Èyí tó ní àbùkù ni mo jẹ́ kó wà lórí kọ̀ǹpútà wọn, mo sì kọ Rissikatou, orúkọ ara mi, síbẹ̀ bí aboyún tó pẹ́ tí kò wá. Nígbà tí àpótí kékeré ṣí, mo ní kí Mọ̀síọ̀ Théophile fọwọ́ ara wọn tẹ F1. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mo ní kí wọ́n wá Rissikatou. Wọ́n wá a títí, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wá a.

"Èmi ni mo jẹ̀bi," mo sọ ọ́ ní ohùn kan náà tí mo fi sọ ti ìjọ́sí, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́.

Mọ̀síọ̀ Théophile dìde, wọ́n lọ bá Nafissatou níbi tó jókòó sí lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Má bínú, ọmọ mi. A ò bi ọ́ ní ìbéèrè tó yẹ." Lọ́jọ́ Ajé ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Jọ̀wọ́, ẹni tó sọ ìdajì àkọ́kọ́ fún yín, sọ ìdajì yìí fún un.

Èmi àti òun? A ń bọ̀ wá sójú ọ̀nà díẹ̀díẹ̀. Ilé ìwòsàn kan ní Okpara fẹ́ lo ètò náà, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó bá mi lọ kọ́ wọn. Ní Ọjọ́bọ̀, obìnrin mẹ́fà jókòó síwájú wa. Mo ṣàlàyé tèmi, mo tẹ F1 hàn wọ́n, ìrànlọ́wọ́ jáde wẹ́rẹ́. Nafissatou ní òun náà ní ọ̀rọ̀ kan.

Ó ní, "Bí kọ̀ǹpútà yìí bá sọ pé ẹ ṣe ohun tí ẹ ò ṣe, ẹ má gbà fún un. Nọ́ńbà mi nìyí, ẹ pè mí." Ó wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. "Èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ pè o. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó pe ẹni tó kọ ọ́."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì mú bíìrò, mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára ògiri ní lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà.

Bá mi kí Kamarou, kí o fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi, kí o sì sọ fún Màmá pé mo ń béèrè wọn. Nafissatou ní kí n kí ọ.

Èmi ni, ẹni tìrẹ ní Savè,
Rissikatou