Mo Ti Ra Kọ̀ǹpútà Náà fún Ṣemílóore

Bàbá Ṣemílóore,

Mo ti padà sí ọsibítù ní Jericho. Mọ́ṣúdù, oníkọ̀ǹpútà Dugbe, gbé alágbèéká tòkunbọ̀ tí apá wa ká yẹn wá láàárọ̀ yìí. Mo dán an wò. Ó ń gbóná bí áyọ́ọ̀nù, bátìrì ẹ̀ sì ti kú. Mọ́ṣúdù ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ n wá èyí tó dáa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ṣùgbọ́n géèmù eré mọ́tò ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, mo bá rà á. Ẹ má bínú. Látìgbà tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọmọ wa ni kò ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe mọ́.

Ẹ mú wáyà gígùn ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n bọ̀. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ má sunkún lójú ẹ̀. Ẹ bá a díje, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó borí yín.

Gbémisọ́lá