Ọ̀pá Ìpẹja Tí Kò Fi Ti Àtàǹpàkò Ṣe

Bàbá mi,

Ẹ ní kí n yan ọ̀kan nínú ọ̀pá ìpẹja yín méjèèjì. Ẹ fún àbúrò mi ní èyí tí à ń fi àtàǹpàkò ọ̀tún tẹ okùn rẹ̀ kó má baà ta kókó. Èyí tí kò fi ti àtàǹpàkò ṣe ni kẹ́ ẹ fi pamọ́ dè mí. Ẹja ò kúkú mọ èyí tó mú òun.

Ara mi le koko. Wọ́n ti fi ìbòrí sí ẹ̀rọ tí mo fi ń gé ẹran níbi iṣẹ́, kò lè mú ẹlòmíràn mọ́.

Ẹ bá mi kí Màmá. Bí mo bá dé, tí mo fi ọwọ́ òsì gba omi lọ́wọ́ wọn, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Mi ò gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé.

Ọmọ yín.