Àlá Ara Ògiri

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àárò ilé o. Mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ. Orúnkún Màámi ti ń fúyẹ́, àmọ́ wọn ò rí oorun sùn. Òrùlé ò jò mọ́, ẹ ṣeun.

Ẹ ní kí n lọ bẹ alága ìlú. Mi ò ní bẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣáà mọ iṣẹ́ mi lọ́sibítù: aláìsàn tó bá lá àlá burúkú á kọ́kọ́ ya á sára ògiri lọ́dọ̀ mi, kó tó rọ́ ọ fún dókítà ọpọlọ. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wọn ló ya alága, ó jókòó lé wọn láyà. Alága rán akọ̀wé ẹ̀ wá.

"Ta ló kọ́ wọn?"

Mo ní, "Ṣé wọ́n ń kọ́ èèyàn ní àlá lílá ni?"

Ló bá fi ọ̀dà funfun pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. A tún un ya, ó tóbi ju tàkọ́kọ́ lọ.

Ẹ ní mo máa kó bá Màámi. Lánàá, Màámi fúnra wọn tẹ̀lé mi débi iṣẹ́, wọ́n gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, wọ́n ya alága tiwọn. Nígbà tílẹ̀ ṣú, Màámi sùn, wọ́n ń hanrun.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Ẹ bá wa fi ọ̀dà ránṣẹ́. Ògiri tó kọjú sí títì ló kù.

Èmi àbúrò yín, olórí kunkun.