Wọ́n Gbé Ẹ̀jẹ̀ Mi, Wọ́n Fún Mi Lómi

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ yá, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Ẹ ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà o, àmín. Baba rẹ wà, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, òrùlé ibi tí mo ti ń fún epo ṣì ń jò. Mo ti kí ọ tán. Inú ń bí mi!

Mi ò pè ọ́ lórí fóònù, torí fóònù máa ń gbóná síni lẹ́rẹ̀kẹ́, mi ò sì fẹ́ kó fa ìwọ̀nba omi tí wọ́n fi sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́ gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, omi! Ìwọ lo mú mi lọ sílé ìwòsàn yẹn nígbà tí oríkèé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú, tí ẹnu mi ò là ju kí ṣíbí wọlé lọ. Ìwọ lo ní wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá mi, wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i, wọ́n á gún un padà sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́, pé ẹ̀jẹ̀ mi fúnra mi ló máa wò mí. Mo ní ó dáa, ẹ̀jẹ̀ ẹni kì í ṣe àjèjì ẹni.

Wọ́n fà á, ó pupa fòò. Ẹ̀rọ yí i bíríbírí. Ìgbà tí wọ́n gbé e jáde, omi pupa rúsúrúsú ló léfòó, ẹ̀jẹ̀ lọ jókòó sísàlẹ̀. Ẹ gbà mí! Èmi tí mo ti ń fún epo kí n tó bí ẹ̀gbọ́n rẹ àgbà, ṣé mi ò mọ̀ pé epo ló ń léfòó, tí omi máa ń wà nísàlẹ̀ ni? Ẹ̀rọ wọn ti bàjẹ́, ó dorí nǹkan kodò, mo sì sọ fún dókítà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó fa omi òkè, ó gún mi lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún àti òsì, ó gbé ògidì tó pupa lọ. Omi tí èmi máa ń dà sẹ́yìn ilé! Ìwọ náà dúró níbẹ̀, ò ń sọ pé inú omi yẹn ni ohun tó ń mú wíwú rọlẹ̀ wà. Ṣé torí ẹ̀ ni mo ṣe fowó epo rán ọ nílé ìwé, kí wọ́n lè rẹ́ ìyá rẹ jẹ lójú rẹ?

Baba rẹ ò gbèjà mi. Ó ní látìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti há, ilé tòrò, òun ń sùn dáadáa. Lánàá ló wá ní kí n gbẹ́nu dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Háà! Mo jágbe mọ́ ọn débi pé àwọn aládùúgbò sáré jáde, wọ́n rò pé ilé ń jó. Baba rẹ ò bínú, ó kàn ń wò mí lẹ́nu. Ó ní ẹnu ti là. Mo ki ìka mẹ́ta bọ̀ ọ́, wọ́n wọlé, kò dùn mí. Mo jókòó, mo sunkún, torí ẹ̀rù ti ń bà mí pé bí mo ṣe máa fi ṣíbí jẹun títí màá fi kú nìyẹn.

Má rò pé inú mi ti rọ̀ o, ó tilẹ̀ tún le sí i ni. Bí omi lásán bá ṣe báyìí, tí wọ́n bá ti gún ògidì sí mi ńkọ́? Ṣé eyín mi tó ká ò bá má ti hù padà?

Fowó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n lè wá gba abẹ́rẹ́ kejì. Má fi sí báǹkì, ọmọbìnrin ibẹ̀ máa ń ka owó mi kó tó fún mi, bíi pé òun ló bá mi ṣiṣẹ́. Sọ fún dókítà pé màá gbé ìgò dání. Èmi ti gba kámú pẹ̀lú omi, àmọ́ kó rọ èyí tó pupa sínú ìgò fún mi. Eékún ń ro baba rẹ, kò sọ fẹ́yin ọmọ, èmi ni mò ń fà á dìde láràárọ̀. Ó ní òun ò fẹ́ ẹ̀jẹ̀ oníjà lára òun. Mi ò bi í.

Ọlọ́run á dá ọ sí, ẹnu rẹ lo máa fi jẹ èrè iṣẹ́ rẹ, ọmọ tìrẹ ò sì ní dúró máa wò ọ́ níran.

Èmi ni, ìyá rẹ tínú ṣì ń bí.